Bí A Ṣe Ń Tú Kabúrétọ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́ Tò Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Fi Ní Padà

Ọkọ̀ àtijọ́ kò dúró ní silóò (nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà) mọ́, èéfín dúdú ń jáde, òórùn epo gba gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tú kabúrétọ̀, wọ́n fi epo fọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n dá a padà. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ tún di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un tú. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ní kabúrétọ̀ náà ti kú, àfi kí wọ́n wá òmíràn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò kú rárá. Ìdọ̀tí nìkan ni wọ́n bá jà. Iṣẹ́ kabúrétọ̀ ni kó wọn epo sínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo bẹntiróòlù 1 ní ìwúwo. Ohunkóhun tó bá da ìwọ̀n yẹn rú yóò máa yọ ọkọ̀ lẹ́nu, bó ti wù kí ara kabúrétọ̀ náà dán tó. Ó lè jẹ́ ihò jẹ́ẹ̀tì (idẹ kékeré tí ihò rẹ̀ ń wọn epo) tí ẹnì kan ti fi wáyà gbẹ́ fẹ̀, ó lè jẹ́ fulóòtì (ohun tó ń léfòó nínú àwo epo, tó ń ti abẹ́rẹ́ láti dá epo dúró) tó ti mu epo, ọ̀pá tọ́rọ́tù (èyí tó gbé ìlẹ̀kùn tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà) tó ti jẹ, tàbí ìdérí tó ti wọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, wíwọ̀n ló ń tún ọkọ̀ ṣe, fífọ̀ kàn ń jẹ́ kí a rí ohun tí a fẹ́ wọ̀n ni.

Kabúrétọ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í yí padà: Solex, Zenith, Carter, Stromberg 97, Rochester àti irú wọn. Kabúrétọ̀ SU yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń lọ sókè sódò nínú jẹ́ẹ̀tì ló fi ń wọn epo tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní SU lè mú ọ̀rọ̀ ọ̀pá tọ́rọ́tù àti ti fífọ̀ níbí, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ yín ló ṣáájú. Ẹ wá èyí tó sọ nọ́mbà jẹ́ẹ̀tì àti ìwọ̀n fulóòtì fún kabúrétọ̀ yín gan-an. Ẹ ka nọ́mbà tó wà lára kabúrétọ̀ náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí pé ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí lè ti gba kabúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

- Kíìtì àtúnṣe tó bá nọ́mbà náà mu: gásíkẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ (èyí tó ń ti ọ̀nà epo nígbà tí àwo bá kún) àti ìjókòó rẹ̀, dáyáfíràmù tàbí awọ pọ́ǹpù
- Sikurudíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ojú jẹ́ẹ̀tì mu régé, àti sípánà tó péye
- Oògùn ìfọ kabúrétọ̀ tó ní ọ̀pá pupa tín-ín-rín lẹ́nu
- Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀
- Rúlà irin tó tọ́, fílọ̀ géèjì (ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo), dígí pẹlẹbẹ tó nípọn, sáńpépà 320
- Ìbọ̀wọ́, awò ìdáàbòbò ojú, àti agolo apaná tó lè pa iná epo
- Àwọn agolo kéékèèké, aṣọ funfun, páálí àti gègé

Nípa kíìtì: ẹ bi wọ́n bóyá rọ́bà inú rẹ̀ lè fara da ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo). Epo òde òní ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń ní in nínú, ó sì ń ba rọ́bà àtijọ́ àti kọ́ọ̀kì jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ jẹ́ Viton (irú rọ́bà tí epo kì í tètè bà jẹ́) máa ń tọ́jọ́ dáadáa.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kabúrétọ̀ ló jẹ̀bi

Àìsàn iná púlọ́ọ̀gì máa ń fara jọ àìsàn kabúrétọ̀ débi pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá ń ṣì í mú. Kọ́ńtáàtì tó ti jó, kọ̀ndẹ́ńsà tó ti rẹ̀, táímìnì tó ti sún kúrò ní àyè rẹ̀: gbogbo wọn ló lè mú kí ọkọ̀ máa míìsì tàbí kó máa yìnbọn. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tó dúdú, tó gbẹ, tí èédú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ń sọ pé epo pọ̀ jù. Èyí tó funfun ràkàràkà ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Bí ẹyọ kan péré bá dúdú tí ìyókù sì dára, ẹ má tíì fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo tó ń bọ́ gbogbo sílíńdà kì í sábà fìyà jẹ ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì yẹn, ẹ wo fáàfù rẹ̀.

Pọ́ǹpù epo náà ní ẹ̀jọ́ tirẹ̀. Pọ́ǹpù ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà ti epo ju psi (ìwọ̀n agbára títì) 2 sí 5 lọ. Bí ẹnì kan bá ti lọ fi pọ́ǹpù iná mànàmáná ọkọ̀ ìjẹ́kísọ̀n (ọkọ̀ tí kò lo kabúrétọ̀) sí i, kò sí abẹ́rẹ́ tó máa lè dá epo yẹn dúró. Ẹ lè máa pààrọ̀ kíìtì títí láé, kabúrétọ̀ á ṣì máa kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ tẹ̀ síwájú: iná dára, táímìnì wà níbi tó yẹ, epo ń jáde nínú páìpù láìsí ìpẹtà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ kò yéé ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ìpele 2: Yíyọ ọ́ kúrò

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Kò gbọdọ̀ sí iná kankan nítòsí, títí kan sìgá àti ẹ̀rọ ìgbómigbóná tó ń jó nínú gáréèjì. Oòru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà gbà, ó sì lè dé ibi iná tí ẹ rò pé ó jìnnà.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ gbogbo wáyà àti ọ̀pá tó so mọ́ tọ́rọ́tù. Apá tọ́rọ́tù kan lè ní ihò mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ̀nà. Ọpọlọ kì í rántí ihò.

Bí ẹ bá ti gbé e kúrò, ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ ẹnu mánífóòdù (ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí apá kan rẹ̀ yọ síta gbangba kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tó bá bọ́ sínú ihò yẹn yóò mú kí ẹ tú orí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ da epo tó kù nínú àwo rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè. Bí ohun pupa bá wà nísàlẹ̀, ìpẹtà táǹkì ni, kabúrétọ̀ tuntun pàápàá kò ní pẹ́ lórí irú táǹkì bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun, ara kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ: síǹkì ni wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ wọn, omi tí ẹ́tánọ́ọ̀lù sì ń fà mọ́ra kì í bá síǹkì rẹ́.

Kí ẹ tó tú sikurúù àdàlù (èyí tó ń ṣàtúnṣe bí epo àti afẹ́fẹ́ silóò ṣe ń dàpọ̀), ẹ rọra yí i wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ ka iye ìyípo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìka méjì ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹni tó bá fi agbára dè é ti ba orí rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ìpele 3: Títú

Jẹ́ẹ̀tì idẹ rọ̀, sikurudíráfà tí kò bá ojú rẹ̀ mu yóò sì bó o. Bí ó bá le, ẹ fi epo apẹtà sí i kó sùn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi sikurudíráfà sí i, kí ẹ fi òòlù kékeré kan ìdí rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ìgbà tí epo bá ti gbẹ kúrò lára rẹ̀ pátápátá nìkan ni ẹ lè fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi iná sí i láéláé. Síǹkì kì í kìlọ̀ kó tó yọ́.

Ohun tó ń sọnù jù nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú ọ̀nà pọ́ǹpù tọ́rọ́tù (pọ́ǹpù kékeré inú kabúrétọ̀ tó ń tu epo nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà). Orí aṣọ funfun ni kí ẹ ti dojú kabúrétọ̀ délẹ̀, kí ẹ sì máa wò bí ohun kan bá ń jábọ́. Nínú àwọn kan, bọ́ọ̀lù tó ń gba epo wọlé àti èyí tó ń jẹ́ kó jáde kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, ìwúwo kékeré kan sì máa ń jókòó lórí èkejì. Bí ẹ bá pààrọ̀ àyè wọn, pọ́ǹpù kò ní tu epo mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì láti fi wá èyí tó bá sọnù, torí idẹ àti alumíníọ̀mù kì í gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ fi ìlẹ̀kùn tọ́rọ́tù sílẹ̀ sórí ọ̀pá rẹ̀ ní báyìí. Ẹ tún fi àwọn èdídí irin kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà epo lára kabúrétọ̀ sílẹ̀. Àfi bí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wọn bá kọ̀ láti là ni a ó fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ tú u tán: ẹ mú àwòrán inú ìwé, kí ẹ fi gègé fagi lé gbogbo ohun tó wà nínú agolo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àwòrán ṣì wà nínú kabúrétọ̀, tàbí kí ẹni tó tú u ṣáájú yín ti sọ ọ́ nù. Èyí kejì wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìpele 4: Fífọ̀

Gbogbo ohun tó jẹ́ rọ́bà, awọ, ọ̀rá àti kọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ti kúrò kí ẹ tó rẹ irin sínú oògùn, àkókò tí wọ́n kọ sára agolo oògùn náà ni kí ẹ sì tẹ̀ lé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òjé ń bẹ nínú epo ìgbà àtijọ́, ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ kabúrétọ̀ láti ìgbà yẹn lè ní in nínú.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ lo kọ́sítíìkì sódà. Ẹ má gbà. Ó ń jẹ síǹkì, ó ń jẹ alumíníọ̀mù. Ọtí kíkan náà ń jẹ síǹkì bó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Yíyin iyanrìn sí i láti fi fọ ara rẹ̀ burú ju méjèèjì lọ, torí pé hóró iyanrìn kan tó bá sá wọ ọ̀nà epo lè má jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wáyà. Gbogbo ènìyàn ló ti rí ẹni tó fà wáyà kan yọ tó sì fi gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Lórí Solex àti Weber, nọ́mbà ara jẹ́ẹ̀tì ni ìwọ̀n ihò rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà: 120 túmọ̀ sí 1.20 mm. Bí wáyà bá gbẹ́ ẹ títí tó fi di 1.25 mm, ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ojú ihò náà ti fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Epo tí ẹ kò bá a ṣàdéhùn ni ẹ́ńjìnnì á máa mu láti ọjọ́ yẹn lọ. Oògùn, afẹ́fẹ́, àti okùn ọ̀rá ìpẹja tí kò nípọn tó ihò náà ti tó. Bí gbogbo ìyẹn kò bá là á, ẹ ra jẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ibi tí iṣẹ́ fífọ̀ ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni inú, níbi tí a kò lè rí. Gbogbo ọ̀nà epo ló ní ẹnu ibi tó ti wọlé àti ẹnu ibi tó ti jáde. Ẹ gbé awò sójú, ẹ ki ọ̀pá pupa oògùn bọ ẹnu kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ibi tó ti ń tú jáde. Fún ọ̀nà silóò, ẹ fún un láti ibi tí jẹ́ẹ̀tì silóò ń jókòó sí. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní ihò sikurúù àdàlù, ó sì gbọ́dọ̀ jáde ní àwọn ihò tín-ín-rín tó wà létí ìlẹ̀kùn tọ́rọ́tù. Ẹ fi ìka dí ihò sikurúù, kí ẹ tún un fún: báyìí, àwọn ihò tín-ín-rín náà gbọ́dọ̀ tu bí ẹni tó ń bínú. Bí ọ̀kan bá ń kán tóótóó tí ìkejì rẹ̀ ń tu, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ padà. Àwọn ihò yìí gan-an ló ń gbé ọkọ̀ láti silóò bọ́ sórí jẹ́ẹ̀tì ńlá. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn bó bá ti fẹ́ tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀ kó wo ibẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná ṣan án bí irú oògùn yín bá ń fẹ́ omi, kí ẹ sì fẹ́ gbogbo ihò gbẹ lójú ẹsẹ̀. Síǹkì tó bá tutù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì á tún ti funfun.

Ìpele 5: Wíwọ̀n

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Wọ́n fọ̀, wọ́n tò.

*Ojú tó wọ́.* Ẹ gbé rúlà irin lélẹ̀ lórí ojú ìdérí, lórí ojú àwo epo, àti lórí ìsàlẹ̀ tó ń kan mánífóòdù. Bí fílọ̀ géèjì 0.1 mm bá lè wọ abẹ́ rúlà, ojú náà ti wọ́. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára de nọ́ọ̀tì méjì ìsàlẹ̀ ló ń fà á, gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kò sì lè bò ó pẹ́. Ẹ lẹ sáńpépà 320 mọ́ orí dígí, ẹ fi gègé dúdú kun ojú irin náà pátá, kí ẹ wá fà á lórí sáńpépà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gbé e wò. Ibi tí dúdú ti ṣí kúrò ga, ibi tí dúdú ṣì wà jin. Ẹ máa bá a lọ, kí ẹ máa yí i ká, títí dúdú náà á fi tán. Kì í ṣe kó dán ni à ń wá. Bí túùbù kan bá yọ jáde lójú ìdérí, ẹ kò lè fà á lórí dígí. Ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ ṣe é ní sùúrù tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ.

*Ọ̀pá tọ́rọ́tù.* Ẹ di ọ̀pá náà mú, kí ẹ mì í lọ sókè sódò. Bó bá ń yẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kò gba ibi ìwọ̀n kọjá ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àìsàn yìí ló ń mú kí ènìyàn máa yí sikurúù àdàlù lójoojúmọ́: òwúrọ̀ ó dára, ọ̀sán ó yí padà. Kò sí kíìtì tó ń wò ó. Kí wọ́n fẹ ihò náà kí wọ́n sì ki búṣì tuntun bọ̀ ọ́ ni oògùn rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin sì ni. Àwọn sikurúù tó de ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pá, wọ́n ti tẹ ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má baà tú. Ẹ fi fáìlì yọ ẹ̀yìn yẹn kí ẹ tó tú wọn, ẹ lo tuntun nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kí ẹ sì tún tẹ ẹ̀yìn wọn. Èyí tó bá tú lójú ọ̀nà, inú sílíńdà ló ń lọ.

Etí ìlẹ̀kùn náà ní ìdagun, ojú kan ṣoṣo ló bá a mu. Ẹ tì í pa, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, ẹ tú sikurúù rẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá ara rẹ̀ mu, ẹ wá dè é.

*Fulóòtì.* Ẹ mì í létí yín. Bí ẹ bá gbọ́ ohun olómi nínú rẹ̀, ó ti jò. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ tì í bọ omi gbígbóná tí ẹ ti gbé jìnnà sí iná: afẹ́fẹ́ inú fulóòtì idẹ á gbòòrò, ihò tó bá wà lára rẹ̀ á máa tu ìfófòó wẹ́wẹ́. A lè fi òjé dí ihò náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ku ẹ̀kán epo kan nínú rẹ̀ kí irin gbígbóná tó dé ibẹ̀, torí pé ó lè bú. Òjé púpọ̀ á mú un wúwo, fulóòtì tó bá wúwo á jẹ́ kí epo ga jù kó tó pa abẹ́rẹ́ dé. Tuntun ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti rà. Èyí tí kì í ṣe idẹ, tó rí bíi fóòmù líle, máa ń mu epo díẹ̀díẹ̀ láìjò. Òṣùwọ̀n nìkan ló lè tú u fó: ẹ wọn tàtijọ́ àti tuntun, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

*Abẹ́rẹ́.* Bí ẹ bá rí òrùka kan tó yí orí rẹ̀ ká, ó ti parí. Ẹ pààrọ̀ òun àti ìjókòó rẹ̀ pọ̀, ẹ má fi tuntun jókòó sórí àtijọ́. Ohun kan náà ni fún sikurúù àdàlù: òrùka lórí rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti dè é mọ́lẹ̀ rí.

*Nọ́mbà jẹ́ẹ̀tì.* Ẹ fi wéra pẹ̀lú ìwé. Bí kò bá dọ́gba, kó má yà yín lẹ́nu, ẹnì kan ló ti fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ sí i kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ dá a padà sí ti ìwé.

Ìpele 6: Títò

Ẹ nu tábìlì. Ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé àtijọ́, kí ẹ wo ihò sí ihò. Kíìtì kan lè wà fún oríṣi kabúrétọ̀ mẹ́ta, kó ní gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó jọra àfi ihò kan, ihò kan yẹn tí ẹ bá sì dí ni yóò pa silóò tàbí pọ́ǹpù. Ẹ má fi lẹ́ẹ̀mù sílíkọ́ọ̀nù sí i. Epo ń rọ̀ ọ́, á já, á sì wọ inú jẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Awọ pọ́ǹpù tó gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ nínú òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè rọ̀. Bí ẹ bá ń tì í wọlé, ẹ wo etí rẹ̀ yíká kó má ká.

Ìwọ̀n fulóòtì wá kàn. Ìwé á sọ iye rẹ̀, á sì sọ bóyá pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì ni tàbí láìsí i. Ẹni tó bá gbójú fo gbólóhùn kejì yẹn ti ṣì í wọ̀n. Lórí ọ̀pọ̀ Solex, wásà abẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe: èyí tó nípọn á mú kí epo lọ sílẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ á mú kó ga. Lórí àwọn mìíràn, ahọ́n kékeré kan ni ẹ ó tẹ̀. Ẹ gbé fulóòtì kúrò lórí abẹ́rẹ́ kí ẹ tó tẹ ahọ́n náà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí fulóòtì ṣì ń ti abẹ́rẹ́ á ba orí Viton tuntun jẹ́ kó tó mu epo rárá.

Ẹ de àwọn sikurúù ìdérí ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó dára kí ẹ tó gbé e sórí ẹ́ńjìnnì: ní ìta, ẹ so rọ́bà mọ́ ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, kí ẹ gbé ìgò epo kékeré ga sí òkè rẹ̀ ní nǹkan bí ìlàjì mítà. Àwo á kún, epo á dúró. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò gbọdọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rin ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa tọ́rọ́tù: epo gbọ́dọ̀ tu jáde lẹ́nu pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀, kó lágbára, kó má kọ́kọ́ rò ó. Bó bá rò ó, bọ́ọ̀lù kan kò jókòó dáadáa.

Ìpele 7: Dídá a padà àti títún silóò ṣe

Ẹ yọ aṣọ inú mánífóòdù. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tuntun. Bí ohun tó nípọn kan bá wà láàárín kabúrétọ̀ àti mánífóòdù tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà, torí òun ló ń dá ooru dúró kí epo má baà hó nínú àwo. Ẹ de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì, ẹ rántí ohun tó wọ́ ojú rẹ̀ nígbà kan. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ títí dé òpin nígbà tí ẹ ń wò ó: ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí tán, bó bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ láìlọ́ra. Tọ́rọ́tù tó há lè pa ènìyàn.

Sikurúù àdàlù: ẹ dá a padà sí iye tí ẹ kọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí i ní ìyípo kan àbọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kò bá ṣe é gbára lé. Ẹ gbé agolo apaná sítòsí, ẹ dá ilé fíítà padà, torí pé bí ó bá yìnbọn sókè, iná rẹ̀ kò ní lù yín lójú. Ẹ tan án. Ẹ yẹ gbogbo ojúpọ̀ epo wò kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, kí ṣóòkù (ìlẹ̀kùn tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù) sì ti ṣí pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan silóò. Ẹ rọra yí sikurúù àdàlù wọlé títí ẹ́ńjìnnì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, kí ẹ wá máa ṣí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa dúró díẹ̀ láàárín, títí tó fi sáré jù tó sì dán jù. Bí ẹ bá ní géèjì fákúùmù, ẹ wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ga jù tí kò sì gbọ̀n. Ẹ wá lo sikurúù ìdádúró tọ́rọ́tù láti mú silóò bọ́ sí iye tí ìwé sọ, kí ẹ padà sí àdàlù lẹ́ẹ̀kan sí i. Solex 34 PICT-3 ti Volkswagen Beetle kò gba èyí: sikurúù afẹ́fẹ́ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún silóò ṣe, kì í ṣe ìdádúró tọ́rọ́tù. Ẹni tó bá lo ìdádúró tọ́rọ́tù níbẹ̀ á ṣí àwọn ihò tín-ín-rín sílẹ̀, silóò kò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Bí sikurúù àdàlù kò bá yí nǹkan kan padà, bí ẹ ti wù kí ẹ yí i tó, ohun mẹ́ta ló lè fà á: ọ̀nà silóò ṣì dí, tọ́rọ́tù ṣí jù, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn lójijì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń yìnbọn láti òkè, epo kò tó. Bí òórùn epo bá ń jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, abẹ́rẹ́ tàbí ìwọ̀n fulóòtì ni, ẹ má lọ sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dè díẹ̀, torí pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń jókòó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan sí i: àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ó ní. Kí ẹ sì tú asẹ́ epo wò. Bí ìpẹtà bá ti wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó kàn wà nínú táǹkì.